Ìwé Ẹ̀rí àti Ọwọ́ Amọ̀kòkò

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní owó ogún náírà lọ́wọ́, kí ó yí i sẹ́yìn kí ó wò ó. Yóò rí obìnrin kan níbẹ̀ tí ń mọ ìkòkò. Ladi Kwali ni obìnrin náà ń jẹ́. Ọmọ Gbagyi ni. Abúlé Kwali, tí ó wà lábẹ́ agbègbè olú-ìlú Nàìjíríà lónìí, ni a ti bí i. Ọ̀dọ̀ obìnrin kan nínú ìbátan rẹ̀ ni ó ti kọ́ ìkòkò mímọ láti kékeré, gẹ́gẹ́ bí àwọn obìnrin ìlú rẹ̀ ti ń ṣe láti ayébáyé. Ní ọdún 1954 ó wọ ilé ìkọ́ṣẹ́ ìkòkò tí Michael Cardew, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń darí ní ìlú tí a ń pè ní Àbújá nígbà náà, tí orúkọ rẹ̀ di Suleja nísinsìnyí. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó wọ ibẹ̀. Kò pẹ́ púpọ̀ tí àwọn ìkòkò rẹ̀ fi dé Lọ́ńdọ́nù, tí àwọn tí ó mọ iyì iṣẹ́ ọnà sì ń fi owó gidi rà wọ́n. Ní ọdún 1977, Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá. Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin yìí kò ní ìwé ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ kankan lọ́wọ́.

Bí ó bá jẹ́ pé òde òní ni Ladi Kwali jẹ́ ọmọ ogún ọdún, tí ó sì fẹ́ wọ yunifásítì láti kọ́ iṣẹ́ ìkòkò, ẹnu ọ̀nà ni yóò ti padà sílé. A kò sọ èyí láti fi yunifásítì ṣe ẹlẹ́yà. Ẹni tí a fi oyè dá lọ́lá yàtọ̀ sí ẹni tí ó wá kẹ́kọ̀ọ́, òfin kò sì lè máa wo ojú ẹnì kọ̀ọ̀kan kí ó tó ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà mú ìbéèrè kan wá tí ó yẹ kí gbogbo òbí tí ó ní ọmọ ní ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà bi ara rẹ̀: nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga bá gbé akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà sórí òṣùwọ̀n, kí ni òṣùwọ̀n náà ń wọ̀n? Ṣé ọwọ́ ọmọ náà ni, tàbí ìwé rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba dìgírì nínú iṣẹ́ ọnà, ìbáà jẹ́ àwòrán yíyà, ìkòkò mímọ, aṣọ híhun àti pípa aṣọ láró, tàbí àwòrán ìpolówó ọjà, yóò kọ́kọ́ ní kírẹ́díìtì márùn-ún nínú ìdánwò ìwé mẹ́wàá, tí èdè Gẹ̀ẹ́sì yóò jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Lẹ́yìn náà ni yóò ṣe ìdánwò JAMB, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1978. Iṣẹ́ ọnà wà lára ohun tí a lè fi ṣe ìdánwò yìí. Ṣùgbọ́n iwájú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò jókòó sí, ìdáhùn mẹ́rin ni yóò wà lábẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ni yóò sì mú. Kò ní di búrọ́ọ̀ṣì mú, kò ní fi ọwọ́ kan amọ̀, kò ní fa ilà kan ṣoṣo. Ọmọ tí ó mọ ìtàn iṣẹ́ ọnà sórí, tí kò lè ya igbá kan kí ó jọ igbá, lè gba máàkì tí ó ga. Èyí tí ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá, tí ẹnu rẹ̀ wúwo nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, lè máa ṣe ìdánwò kan náà láti ọdún dé ọdún.

Ọ̀rọ̀ Ìṣirò tún wà níbẹ̀. Ní oṣù October 2025, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń bójú tó ètò ẹ̀kọ́ kéde pé àìní kírẹ́díìtì nínú Ìṣirò kò gbọdọ̀ dí àwọn tí ń lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ọnà àti ìmọ̀ ọmọnìyàn lọ́wọ́ mọ́ láti wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Inú ọ̀pọ̀ ènìyàn dùn. Ṣùgbọ́n ibo ni ẹni tí ń kọ́ iṣẹ́ ọnà wà gan-an? Ní Zaria àti ní Ilé-Ifẹ̀, abẹ́ ẹ̀ka ńlá tí ń rí sí ètò ilé àti àyíká ni ẹ̀kọ́ náà wà, pẹ̀lú àwọn tí ń kọ́ ilé yíyà. Ní Àkúrẹ́, abẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ àyíká ni. Ní Nsukka, láàrin àwọn ẹ̀kọ́ ọnà ni. Nítorí náà iṣẹ́ kan náà ni àwọn ọmọ yìí ń kọ́, ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n fi wọ́n sí ni yóò sọ irú òfin tí yóò mú wọn.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wọlé tán, òfin kejì yóò pàdé rẹ̀. Yúnìtì ni a fi ń wọn ẹ̀kọ́ ní yunifásítì. Òfin Àjọ tí ń ṣe àkóso àwọn Yunifásítì, NUC, sọ pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wákàtí 1 lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 15, ni yúnìtì 1. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ nínú gbọ̀ngàn iṣẹ́, wákàtí 3 lọ́sẹ̀ ni a ó ṣe kí a tó kà á sí yúnìtì 1. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ìkòkò mímọ tí ó jẹ́ yúnìtì 3 yóò gba wákàtí 135 ní sáà kan. Ẹ̀kọ́ mìíràn tí ó jẹ́ yúnìtì 3, tí a ń jókòó gbọ́, yóò gba wákàtí 45. Nígbà tí a bá fẹ́ mọ ẹni tí ó gba dìgírì tí ó ga jùlọ, tí àmì rẹ̀ dé 4.50 nínú 5, àwọn méjèèjì dọ́gba.

Ìdí wà tí a fi ṣe òfin náà bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó gbé e kalẹ̀ gbà pé ẹni tí ó gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún wákàtí kan yóò tún lọ ka ìwé fún wákàtí púpọ̀ nílé, àti pé ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ ń parí iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ó ti mọ ìkòkò rí yóò rẹ́rìn-ín sí èyí. Amọ̀ kì í gbẹ ní wákàtí tí a kọ sínú ìwé. A ó pò ó, a ó bò ó, a ó dúró dè é. Bí ó bá gbẹ jù, yóò sán. Bí kò bá gbẹ tó, yóò bẹ́ nínú iná. Òru ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fi ń ṣọ́ ẹbu. Bí iṣẹ́ sáà kan bá fọ́ sínú iná ní ọ̀sẹ̀ tí ó kẹ́yìn, àpáàdì ni ọmọ náà yóò kó lọ síwájú àwọn olùkọ́. Ẹ fi owó amọ̀, owó aró, owó òwú àti owó igi kún un, èyí tí ó jẹ́ pé àpò òbí ni ó ti ń jáde, ẹ ó rí i pé ẹni tí ń fi ọwọ́ kẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń san owó méjì lórí ọjà kan.

Ọ̀nà kejì wà fún ẹni tí ó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ọnà, èyí ni ti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe, irú ti Yaba tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1947, àti ti Auchi tí àwọn ayàwòrán rẹ̀ di olókìkí nítorí bí wọ́n ti ń lo àwọ̀. Níbẹ̀, ọdún 2 ni a fi ń gba ìwé ẹ̀rí ND. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò jáde lọ ṣiṣẹ́ fún ọdún 1 lọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́, yóò sì padà wá fún ọdún 2 sí i kí ó tó gba HND. Ó di ọdún 5. Ọdún 4 ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ń lò fún dìgírì ní yunifásítì. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí àwọn méjèèjì bá wọ iṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ kan náà, ìpele 8 ni a ń fi oní-dìgírì sí, ìpele 7 ni a ń fi oní-HND sí; bí oní-HND bá sì dé ìpele 14, ògiri ni. Àìmọye ìgbà ni àwọn aṣòfin ti jíròrò lórí bí a ó ti wó ògiri yìí, àwọn ìjọba kan sì ti gbé ìgbésẹ̀ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ti wọ ọkàn ènìyàn kì í tètè jáde. Bí àwọn òbí bá ń sọ títí di òní pé pólì ni ọmọ àwọn ti rí àyè wọ̀, tí wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni tí ń tọrọ àforíjì, ibi tí wọ́n ti kọ́ ọ nìyẹn.

Òfin kẹta kan àwọn olùkọ́ fúnra wọn. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ iṣẹ́ ọnà fi ẹnu kò ní ọdún 1977 pé dìgírì kejì tí a ń pè ní MFA ni òpin ìrìnàjò fún ẹni tí yóò máa kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà, nítorí iṣẹ́ tí ènìyàn ṣe ni ìwé ìwádìí rẹ̀. Ohun tí a gbà ní Nàìjíríà náà nìyẹn fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún gbogbo olùkọ́ yunifásítì pé ẹni tí kò bá ní oyè ọ̀mọ̀wé kò ní lè gòkè. Agbẹ́gilére tí ó ti fi ogún ọdún gbẹ́ ère ní láti fi àáké sílẹ̀, kí ó kọ ìwé nlá lórí àwọn tí ń gbẹ́ ère.

Ta ni òfin yìí ì bá lé jáde bí a bá ti mú un lò ní àkókò wọn? Lamidi Fakeye, tí ìran agbẹ́gilére ní Ìlá Ọ̀ràngún bí, ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ láti ọdún 1978. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ àti ọ̀dọ̀ ọ̀gá tí ó kọ́ ọ níṣẹ́ ni ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wà. Ladi Kwali pẹ̀lú fi ọwọ́ rẹ̀ han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Zaria bí a ti ń mọ ìkòkò. Yunifásítì méjèèjì wá àyè fún wọn nígbà náà. Ṣùgbọ́n àyè tí a wá fún ènìyàn kì í ṣe àga tí òfin gbé kalẹ̀. Bí ẹni tí ó wá a bá lọ, ó lè parẹ́.

Olùgbọ́ lè béèrè pé, ṣé kí a pa òfin rẹ́ ni? Rárá o. Iṣẹ́ ọnà tí kò ní ìmọ̀ nínú lè pa ènìyàn. Àwọn kan wà láyé tí wọ́n ti fi òjé sínú ohun dídán tí wọ́n fi bo àwo, tí àwo náà sì lẹ́wà, tí májèlé sì ń tú díẹ̀díẹ̀ sínú oúnjẹ àwọn ọmọdé tí ń jẹun nínú rẹ̀. Aláró tí kò mọ ohun tí ó wà nínú aró òyìnbó tí ó rà lọ́jà yóò da omi rẹ̀ sínú odò tí ìlú ń mu. Ẹni tí ó ṣe àga láìmọ bí egungun ẹ̀yìn ènìyàn ti rí, ìrora ni ó tà fún oníbàárà. Nítorí náà ó dára kí oníṣẹ́ ọnà kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì díẹ̀, kí ó mọ ìṣirò, kí ó lè kọ lẹ́tà sí oníbàárà, kí ó sì mọ bí a ti ń ṣe òwò. Ètò kan náà ni ó jẹ́ kí àwọn ará òkèèrè gba dìgírì Nàìjíríà gbọ́. Ibi tí òfin ti ṣì í ni ibi tí ó ti gbà pé ohun tí a kọ sílẹ̀ nìkan ni a lè wọ̀n.

Ìtàn Zaria fi èyí hàn. Ní oṣù October 1958, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ ní ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó wà níbẹ̀ kí yunifásítì tó dé, kó ara wọn jọ di ẹgbẹ́. Uche Okeke, Demas Nwoko, Bruce Onobrakpeya àti Yusuf Grillo wà lára wọn. Àwọn òyìnbó ni ó pọ̀ jù nínú àwọn olùkọ́ wọn, ti ilẹ̀ Yúróòpù sì ni ohun tí wọ́n ń kọ́. Àwọn ọmọ yìí kò kọ̀ láti ṣe iṣẹ́ tí a yàn fún wọn, nítorí wọ́n mọ̀ pé láìsí ìwé ẹ̀rí náà, ẹnu wọn kò ní tólẹ̀. Wọ́n ṣe ti olùkọ́, wọ́n sì tún jókòó láàrin ara wọn láti ṣe ti ilé: wọ́n ń wo ère, wọ́n ń gbọ́ àlọ́, wọ́n ń wo ọnà tí àwọn ìyá wọn ń fín sára ògiri àti sára ènìyàn. Ohun tí Okeke ń wí ni pé kí a mú èyí tí ó dára nínú ti àtijọ́ àti nínú ti àjòjì, kí a pa wọ́n pọ̀ di tiwa.

Lẹ́yìn náà Okeke di olùkọ́ ní Nsukka, Grillo di olórí ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà ní Yaba. Nwoko ní tirẹ̀ ti fẹ́ kọ́ ilé yíyà tẹ́lẹ̀, kí ó tó yàn láti kọ́ iṣẹ́ ọnà. Síbẹ̀ òun ni ó ya ilé ìsìn àwọn Dominican tí ó wà ní Ìbàdàn, tí àwọn ènìyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò. Ní ọdún 2023, ní Venice ní ilẹ̀ Ítálì, níbi ìpàtẹ àwọn ayàwòrán-ilé gbogbo àgbáyé, Kìnnìún Wúrà ti iṣẹ́ ayé ẹni ni a fi dá a lọ́lá. Oníṣẹ́ ọnà ni ó gba ẹ̀bùn náà láàrin àwọn ayàwòrán-ilé.

Ọmọ ilẹ̀ Gánà kan ti gba irú Kìnnìún bẹ́ẹ̀ ní Venice kan náà ní ọdún 2015, níbi ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà. El Anatsui ni. Kumasi ni ó ti kẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí ó jáde, kò tún àwọn ère ilẹ̀ Yúróòpù tí a kọ́ ọ ṣe. Àwo pátákó tí àwọn obìnrin fi ń pàtẹ ọjà ni ó mú, tí ó fi irin gbígbóná fín ọnà sí. Ní ọdún 1975 ó dé Nsukka, ó sì kọ́ni níbẹ̀ fún ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí gba ìwé ẹ̀rí, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó gbé wọn dé ibi gíga ni èyí tí ètò ẹ̀kọ́ wọn kò fún ní máàkì.

Ní báyìí, ilẹ̀kùn kan ṣí. Ní ìparí ọdún 2022 ni NUC gbé ètò ẹ̀kọ́ tuntun jáde, tí àwọn yunifásítì sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní ọdún 2023. NUC ni ó yan ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí a ó kọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ìdá 30 tí ó kù, ó fi lé yunifásítì kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́, kí ó fi ohun tí ó mọ̀ jù tí ó sì sún mọ́ ọn jù dí i.

Kí ni ó sún mọ́ wọn? Zaria kò jìnnà sí Kano, níbi tí àwọn aláró Kofar Mata ti ń rẹ aṣọ sínú kòtò aró láti àwọn ọ̀rúndún tí ó ti kọjá. Ní Bida àwọn tí ń da idẹ wà, àwọn tí ń yọ́ dígí wà. Ní Benin, òpópónà Igun kún fún àwọn tí baba ńlá wọn da idẹ fún Ọba. Nsukka wà láàrin àwọn tí ó mọ ọnà uli. Ifẹ̀ àti Ògbómọ̀ṣọ́ kò jìnnà sí aládìrẹ Òṣogbo àti ahunṣọ Ìsẹ́yìn. Bí yunifásítì kan bá fi akẹ́kọ̀ọ́ sí ọ̀dọ̀ irú àwọn ọ̀gá bẹ́ẹ̀ fún sáà kan gbáko, tí ó ka iṣẹ́ náà sí yúnìtì gidi, tí ó sì jẹ́ kí ọ̀gá náà bá àwọn olùkọ́ jókòó nígbà tí a bá ń fún iṣẹ́ ní máàkì, kò rú òfin kankan. Àyè ti wà.

Ìbẹ̀rù tí ó wà níbẹ̀ ni pé ó rọrùn púpọ̀ láti fi ìwé dí ìdá 30 náà. Ẹ̀kọ́ tí a ń jókòó gbọ́ kò ná yunifásítì ní nǹkan ju pátákó àti àga lọ. Ẹbu ń fẹ́ iná, òfì ń fẹ́ òwú, ọ̀gá tí ó ti ìta wá ń fẹ́ owó iṣẹ́. Bí àwọn ìgbìmọ̀ yunifásítì bá tẹ̀lé ọ̀nà tí ó rọrùn, ọdún mẹ́wàá sí i ni a ó fi máa kó àwọn ọ̀dọ́ jáde tí wọ́n lè ṣàlàyé ìkòkò Ladi Kwali láti òkè dé ilẹ̀, tí ọwọ́ wọn kò sì ní lè mọ ọ̀kan. Àwọn àgbà tí ó lè kọ́ wọn kò ní dúró títí láé. Ladi Kwali kú ní ọdún 1984, Fakeye kú ní ọdún 2009, ọ̀gá tí ó bá kú láìní ọmọṣẹ́ ti mú ilé-ẹ̀kọ́ kan lọ sí ọ̀run.

Ojúṣe àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn kò ṣòro láti sọ. Kí ẹnu ọ̀nà yunifásítì máa dán ọwọ́ wò bí ó ti ń dán ìwé wò. Kí a tún wákàtí gbọ̀ngàn iṣẹ́ ṣírò, kí ó lè sún mọ́ òótọ́. Kí oní-HND àti oní-dìgírì fi iṣẹ́ wọn hàn síwájú agbanisíṣẹ́, kí iṣẹ́ náà sì sọ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe. Kí àga wà ní yunifásítì fún ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́, àga tí òfin mọ̀, tí kò ní bá ẹni tí ó gbé e kalẹ̀ lọ.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Orílẹ̀-èdè tí ó tẹ àwòrán amọ̀kòkò sára owó rẹ̀ ti jẹ́wọ́ pé ọwọ́ obìnrin náà níye lórí. Ohun tí ó kù ni kí ó tẹ̀ ẹ́ sínú òfin ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ pẹ̀lú, kí ọmọ tí yóò tún irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ mọ lè rí ọ̀nà wọlé.